Òkè Wo Nìyí? Àkọsílẹ̀ Fọ́tò Kan Tí Mo Fi Oṣù Mẹ́rin Yà ní Ìdànrè

Fọ́tò kan ṣoṣo ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Kì í ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe òkú àgbà, kò sí aṣọ ẹbí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì náwó fún olórin. Síbẹ̀ oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ sí Ìdànrè nítorí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì mú ohun tí mo wá lọ bọ̀ wálé. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun, pàápàá ẹ̀yin tí òde àríyá ti sú, tí ẹ ń wo orí òkè bí ibi ìsinmi.

Ìparí oṣù kọkànlá ni bàbá kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n lè máa wá sílé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹnì kan tí mo ya ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló fún wọn ní nọ́ńbà mi. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ fọ́tò òkè ìlú àwọn, kí ó gùn tó ibùsùn, kí àwọn lè gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo bi wọ́n pé irú èwo ni wọ́n ní lọ́kàn: ti òwúrọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́, aláwọ̀ ni àbí dúdú-àti-funfun? Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fọ́tò, èmi ò mọ gbogbo ìyẹn. Ṣáà jẹ́ kí n rí òkè wa."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nínú ọkàn mi mo ń sọ pé, kí ló wá le nínú èyí? Òkè kì í ṣẹ́jú. Kì í pẹ́ dé òde, kì í ní kí n dúró kí òun tún gèlè wé. Owó tí mo pè, iye tí mo ń gbà fún ìgbéyàwó ọjọ́ kan ni, wọ́n sì ti san ìdajì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n n óò padà síbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà lórí mi nígbà náà, torí òun ló ṣì mí lọ́nà ju kámẹ́rà lọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń wo iṣẹ́ Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà tó fi ayé rẹ̀ ya àwọn òkè Yosemite. Mo mọ ìtàn bó ṣe lọ ya Half Dome ní ọdún 1927, tó fi gíláàsì pupa bo ojú lẹ́ńsì kí ojú ọ̀run lè dúdú kirikiri, kí àpáta sì yọ. Àpáta gíránáìtì ni Half Dome, gíránáìtì náà ni ti Ìdànrè. Mo ti torí ìyẹn sọ àwọn méjèèjì di ìbejì. Kí n tó jáde nílé ni mo ti ya fọ́tò Ìdànrè tán lórí mi. Ohun tó kù ni kí òkè lọ dúró bí mo ṣe fẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ìdànrè rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ díẹ̀. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́, oko kòkó ló pọ̀ lágbègbè ibẹ̀. Bí ẹ bá ti ń wọ ìlú ni àpáta ńláńlá á ti máa yọjú lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn ọjà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bí àgbà tó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ nínú fọ́tò ẹbí. Orí òkè yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gòkè lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ni mo kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn, ilẹ̀ ò tíì mọ́, èmi àti amọ̀nà kan tí mo ti bá sọ ọ́ lálẹ́. Mo kó lẹ́ńsì mẹ́ta, bátìrì mẹ́rin, sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, omi, búrẹ́dì, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe lórí àpáta. Kí á tó dé ibi ìsinmi kejì, itan mi ti ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin náà gbé sítáńdì lé èjìká bí ẹni gbé ọkọ́ lọ sóko, sílípáàsì ló wọ̀, ó ń súfèé. Ó wo àpò mi, ó ní, "Ọ̀gá, lẹ́ńsì mẹ́ta? Òkè kan náà mà ni."

Nígbà tí a dókè, òòrùn ò là. Ojú ọ̀run kàn ń funfun lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ayé láti inú omi ẹ̀kọ. Ọyẹ́ ni. Gbogbo wa la mọ ọyẹ́ ní ètè àti ní gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ayàwòrán ní láti mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Afẹ́fẹ́ yẹn ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Eruku ọ̀hún kúnná débi pé ó ń léfòó sínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti bà á, ó ń tú u ká síbi gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àríyá kì í sábà rí wàhálà yìí, torí ẹni tí ẹ ń yà kò ju mítà mẹ́ta sí yín lọ. Ohun tó bá ti jìnnà tó kìlómítà kan, eruku tó wà láàárín yín ti pọ̀ tó láti jẹ gbogbo dúdú rẹ̀ tán. Kámẹ́rà ò sì lè ya dúdú tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ bí igba ìgbà lọ́jọ́ náà. Ibì kan wà tí amọ̀nà ní kí n má ya, mo sì gbé kámẹ́rà sílẹ̀ láìbéèrè ìdí. Àlejò kì í bi onílé pé kí ló dé tó ti ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà tí mo délé, mo fi kọ̀ǹpútà fa eruku kúrò nínú fọ́tò. Ẹ mọ bátìnì tí mò ń sọ. Ó yọ eruku lóòótọ́, ó sì fi egbò rọ́pò rẹ̀: ojú ọ̀run di àpá-àpá, ara àpáta ń ta bíi gàárì. Mo fi mẹ́ta tó sàn jù ránṣẹ́ sí bàbá. Ohùn wọn padà wọlé lálẹ́: "Fọ́tò, o ṣeun o. Ṣé wọ́n ń sun igbó ni?"

Eruku ni mo dá lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó rí i pé eruku ni kékeré ibẹ̀. Nínú igba fọ́tò yẹn, òrùlé ìlú ló pọ̀ jù, páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ réré. Ẹni tó bá jókòó lórí ẹṣin, etí ẹṣin ló ń rí. Mo ti gun òkè lọ wá òkè.

Ìrìn kejì, oṣù kìn-ín-ní, n kò gòkè mọ́. Ìdí àpáta ni mo dúró sí ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú fídíò tí mo ti ń wò lórí YouTube. Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ wa máa ń sọ nípa wákàtí kan tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dà bíi wúrà kí òòrùn tó wọ̀. Wákàtí wọn ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, pàápàá bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè ọ̀hún, òòrùn ń fì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìwọ̀n méje péré sí àárín ayé, ńṣe ló ń já lulẹ̀ gbọnrangandan. Láti ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti rọ̀ títí òòrùn á fi wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá ṣì ń wá ibi tí yóò ri sítáńdì mọ́ nígbà yẹn, alẹ́ ló máa yà.

Mo rí ọ̀kan tó dára gan-an síbẹ̀. Lẹ́ńsì 16 ni mo lò, èyí tó ń gba gbogbo àyíká pọ̀. Òkúta kan wà níwájú, koríko gbígbẹ yí i ká tó pọ́n bí epo, àpáta ńlá wà lẹ́yìn, eruku ọyẹ́ sì ti sọ ojú ọ̀run di àwọ̀ osùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo fi hàn ń pa àtẹ́wọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń retí owó tó kù.

Ọjọ́ méjì kọjá. Lẹ́yìn náà: "Ó rẹwà o, Fọ́tò. Ó rẹwà gan-an. Àmọ́, òkè wo nìyí?"

Ká sọ òótọ́, inú bí mi. Mo pè wọ́n, mo ń ṣàlàyé pé Ìdànrè ni, pé èmi fúnra mi ni mo dúró níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí, n kò rí i níbí." Kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó, mo ní kí wọ́n fún mi láàyè. Wọ́n ní kí n lọ rí ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin ní Òdòdé, ní Ìdànrè níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí yí padà, n kò sì yọ kámẹ́rà rárá. Ìyá náà jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tó rán mi, mo na fóònù sí wọn. Wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́.

"Ó jọ òkè," ni wọ́n wí.

"Òkè Ìdànrè ni mà."

"Mo ní ó jọ òkè. Kò jọ tiwa." Wọ́n fi ẹnu júwe iwájú ilé. "Wò ó. Ìyẹn kọ́ lo yà?"

Mo yíjú. Lókè òrùlé méjì-mẹ́ta, àpáta náà dìde, ó gba ìdajì ojú ọ̀run. Òun náà ni mo yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí Ìyá jókòó sí, ó fẹ̀, ó wúwo, ó tẹ̀ síwájú sórí ilé bí ẹni fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú fọ́tò mi, ó dà bí okìtì kan tó wà lọ́nà jíjìn.

Ìdí rẹ̀ kò ju bí lẹ́ńsì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, mo sì ti mọ̀ ọ́n fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé lẹ́ńsì tó fẹ̀, tí a sì fi ohun kan síwájú rẹ̀ gbáko, ohun tó wà nítòsí á di ńlá, ohun tó jìnnà á súnkì. Òkúta tí mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ iwájú di òkè, òkè wá di òkúta. Mo tún súnmọ́ ìdí àpáta jù, mo gbójú kámẹ́rà sókè, orí rẹ̀ wá fà sẹ́yìn bí ẹni ń sá fún mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi lẹ́ńsì 16 ya ojú ìyàwó, torí imú rẹ̀ á wú, etí rẹ̀ á sá lọ. N kò mọ̀ pé òkè náà ní imú.

Mo bẹ Ìyá kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó lórí àpótí wọn. Mo yọ fóònù, mo fà á sún mọ́ títí òkè inú fóònù fi tóbi bí èyí tí mo ń fojú rí. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí nǹkan bíi lẹ́ńsì 135, láti ibi tó jìnnà. Lẹ́ńsì tí mo fi ń ya ojú ènìyàn nìyẹn. Mo ti gbé e gun 600 àtẹ̀gùn lọ, mo gbé e sọ̀, n kò yọ ọ́ nínú àpò.

Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ jíjọra kò tuntun nínú iṣẹ́ wa. Àwọn ayàwòrán tó ṣáájú wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wo fọ́tò àwọn bàbá wa àgbà: wọ́n jókòó gúnwà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ojú kọ iwájú, aṣọ bo àga. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi irú ìjókòó yẹn ṣẹ̀sín báyìí pé ó gan. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1978. Lára ohun tó rí ni bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan ti kú: wọ́n á ya èyí tó kù láyé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì á sì jókòó pọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni fọ́tò yẹn kò mọ ẹni tí wọ́n yà á fún. Ìyá ìbejì mọ̀ pé òótọ́ ni, torí bí ọmọ òun ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ni nǹkan ló ń sọ bóyá ó jọ ọ́. N kò fìgbà kan jiyàn èyí bó bá jẹ́ ènìyàn ni mo yà. Ìyàwó tó bá ní "èmi kọ́ nìyí," màá tún un yà. Òkè ni mo rò pé kò ní olóhun.

Ìyá tún sọ ohun kan tí mo sáré kọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni òkè yìí máa ń dára jù. Wọn ò ronú rárá. "Tí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Á wẹ̀." Wọ́n tún nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún: "Báyìí, ẹ̀yìn wa níbí yìí ni òòrùn ti ń yọ. Nígbà tí òjò bá máa fi dé, á ti sún síwájú, á máa yọ láti ẹ̀gbẹ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ibi tí òòrùn ti ń yọ lóṣù Kejìlá fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún yàtọ̀ sí ibi tó ti ń yọ lóṣù kẹta. Mo ní áàpù tó ń sọ èyí lórí fóònù mi, mo san owó rẹ̀. Ìyá kò san nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀yìn wá ń tẹ́ àpáta pẹrẹsẹ. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi gbogbo kòtò àti gegele ara rẹ̀ hàn.

Ìṣòro kan kù. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, òpó fóònù kan nà sókè ní ẹ̀gbẹ́ òkè, wáyà iná sì gba iwájú kọjá. Mo ní lọ́kàn pé màá fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n rẹ́. Mo kàn mẹ́nu bà á fún Ìyá pé irin yẹn ò ní sí nínú fọ́tò, kí òkè lè rí bó ṣe rí nígbà tí bàbá wà lọ́mọdé. Wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀. "Irin wo? Èyí tí a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Kí ló ṣe é?" Mo pe bàbá lálẹ́ láti bèèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n àwọn bá ti sọ, ó parí. Wáyà nìkan ni mo fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sá fún.

Ó wá di ká máa retí òjò. Mo bá ọmọkùnrin amọ̀nà sọ ọ́ pé bó bá ti rọ̀, kó pè mí lóru náà, kó má ṣe dúró di òwúrọ̀. Àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìparí oṣù kejì, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo ní ìgbéyàwó ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó dé Ìdànrè, afẹ́fẹ́ ti yí padà, eruku ti ń padà bọ̀. Mo jókòó ti Ìyá, a jẹ iṣu, mo padà sí Àkúrẹ́. Ìrìn kẹrin nìyẹn.

Ìkarùn-ún, àárín oṣù kẹta, òjò rọ̀ lóru ọjọ́rú pẹ̀lú àrá. Mo gbéra ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo ti kọ́ ọgbọ́n, lẹ́ńsì kan péré ni mo mú. Mo ri sítáńdì mọ́ ẹnu ọ̀nà Ìyá, mo yọ kámẹ́rà, mo fojú sí i: funfun báláú. Mo nu lẹ́ńsì, ó tún bo. Mo tan AC mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá, kámẹ́rà wà lórí àga iwájú, ó sì ti tutù bí omi inú fíríìjì. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò kún fún omi. Bó bá ti kan gíláàsì tútù, ìrì ló ń di. Kò sí aṣọ tó lè nu ún tán, àfi kí gíláàsì fúnra rẹ̀ móoru. Mo fi kámẹ́rà bọ abẹ́ ẹ̀wù, mo gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo ń wo òkè.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bà lé góńgó àpáta, ó pọ́n díẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń rọra ká aṣọ ìbora. Omi òjò ṣì ń ṣàn lára rẹ̀ ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ìlà dúdú tó máa ń wà lára àwọn àpáta wa, tí mo ti rò láti kékeré pé iná ló jó wọn, ń dán bí ara ìkòkò tuntun. Nǹkan ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín ló ń hù bẹ́ẹ̀ níbi tí omi bá ń gbà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi dúró tí kámẹ́rà wà ní àyà mi. Ó dùn mí nígbà náà. Báyìí, n kò rò pé mo tíì wo òkè kankan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìrì gbẹ, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí fọ́tò tó lè gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180 láì fọ́, férémù kan kò lè tó: kámẹ́rà mi ń gba píksẹ́lì (àmì àwọ̀ tín-tìn-tín tó ń para pọ̀ di fọ́tò) 6,000 ní gígùn, bí a bá sì fà á tó bẹ́ẹ̀, kò ní ju bí 85 lọ nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Mo dá kámẹ́rà sóròó, mo ya férémù márùn-ún láti òsì lọ sí ọ̀tún, kálukú fi ìdá mẹ́ta ara rẹ̀ lé èkejì lórí, kí n lè rán wọn pọ̀ nílé. Gbogbo nǹkan ni mo fi ọwọ́ dè mọ́ ojú kan, ìmọ́lẹ̀, fókọ́ọ̀sì, àwọ̀. Bí kámẹ́rà bá ń dá yan tirẹ̀, ojú ìránṣọ á hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ní ìgbà kejì, obìnrin tó ń din àkàrà ní ojúlé kẹta tanná, èéfín gòkè, ó ti ibì kan dé ibòmíràn láàárín férémù kẹta sí ìkẹrin. Ìgbà kẹta ni mo mú: èéfín ti dúró ṣinṣin sójú kan, ó rọra gba iwájú àpáta kọjá. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìtẹ̀wé ò ní ìtàn púpọ̀. Èyí àkọ́kọ́ dúdú jù, torí ojú kọ̀ǹpútà mi mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dín in kù, mo tún un tẹ̀, owó méjì. Kí n tó fi ránṣẹ́ sí bàbá, Ìyá ni mo kọ́kọ́ lọ fi hàn. Wọn ò sọ pé ó rẹwà. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka ni: ilé lágbájá, ilé tàmẹ̀dù, "èéfín ìyá alákàrà rèé." Bàbá náà pè mí lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn ò bi mí pé òkè wo ni. Wọ́n bi mí bóyá àkàrà yẹn ṣì dùn.

Ẹni tó bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí, kó má pe owó ọjọ́ kan. Epo mọ́tò ìrìn márùn-ún àti ìtẹ̀wé méjì ti jẹ owó mi tán kí n tó rí èrè. Ìdúró ni iṣẹ́ ọ̀hún, ìdúró ni kí ẹ gba owó fún. Ẹ kọ iye ìrìn sínú àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò ló máa dá ọjọ́. Láti ìgbà náà, kí n tó gba ìdajì owó fọ́tò ibikíbi, mo máa ń béèrè pé láti ibo ni ẹ ti máa ń rí i? Ẹnu ọ̀nà wo, ojú fèrèsé wo, orí kẹ̀kẹ́ wo? Àwọn kan á ní kí n lọ wá ibi tó dára. Irú wọn ni mo ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. AC mọ́tò mi náà kì í tàn mọ́ bí mo bá ń lọ ya òwúrọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ń ráhùn, mo ní kó ṣí wíńdò.

Mo tẹ kékeré kan fún Ìyá, mo fi férémù onígi sí i. Wọ́n gbà á, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì gbé e padà lé mi lọ́wọ́. "Kí ni n óò fi ṣe? Ó ṣáà wà níta níbẹ̀. Fún àbúrò mi ní méjèèjì." Wọ́n wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi. "Ó dáa, o ti wá síbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, o ò ya èmi rí."

Mo ní kí wọ́n jókòó níbi tí wọ́n wà yẹn, ìmọ́lẹ̀ dára. Wọ́n ní báwo ni n óò ṣe ya àwọn láìwé gèlè. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ aṣọ òkè, wọ́n gbé àga síwájú òkè, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.